"Ìdálẹ́bi" kọ́, "ìtọ́ka okùnfà" ni

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Nínú ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ẹ kó jọ fún ìmọ̀ ìrònú àti ìwà ẹ̀dá, ẹ ní ká máa pe ohun tí onímọ̀ náà, Fritz Heider, gbé kalẹ̀ ní 1958 ("attribution" lédè Òyìnbó), ìyẹn bí èèyàn ṣe ń ṣàlàyé ohun tó fa ìṣe tirẹ̀ àti ti ẹlòmíì, ní "ìdálẹ́bi". Mi ò fara mọ́ ọn. Ẹni tó ní "ọmọ yẹn mọ̀wé ló ṣe yege" náà ń tọ́ka okùnfà, ta ló wá dá lẹ́bi níbẹ̀? "Okùnfà inú" (èyí tó jẹ́ ti ẹni fúnra rẹ̀) àti "okùnfà òde" (èyí tó wá láti ìta) tí ẹ mú wá dáa ní tiwọn. Inú la kúkú fi ń sọ ìwà tẹ́lẹ̀: onínúure, onínú fùfù.

Ibi tó le ni ìbéèrè mẹ́ta tí Harold Kelley là sílẹ̀ ní 1967 láti fi mọ ibi tí okùnfà wà. Ká ní onímáíkírà kan ní Ìwó Road jágbe mọ́ obìnrin kan nítorí ṣéńjì. Ṣé àwọn awakọ̀ yòókù náà ń jágbe mọ́ ọn? Ṣé òun nìkan ni awakọ̀ yìí ń jágbe mọ́? Ṣé gbogbo ìgbà tí wọ́n bá pàdé ni? Bó bá jẹ́ awakọ̀ yìí nìkan ló ń jágbe, mọ́ gbogbo èrò, lójoojúmọ́, inú awakọ̀ náà ni okùnfà wà. Bí gbogbo awakọ̀ bá ń jágbe mọ́ obìnrin náà nígbà gbogbo, tí wọ́n sì ń fi sùúrù bá èrò yòókù sọ̀rọ̀, ọ̀dọ̀ obìnrin náà ni ká wò. Bó bá jẹ́ awakọ̀ yìí nìkan, obìnrin yìí nìkan, lọ́jọ́ yẹn nìkan, nǹkan ọjọ́ náà ni; bóyá táyà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ́.

Nítorí náà "ìṣọ̀kan" tí ẹ mú kò lè dúró fún ìbéèrè àkọ́kọ́ ("consensus"). Àwọn awakọ̀ wọ̀nyí kò fẹnu kò. "Ìwọ́pọ̀" ni mo mú, "ìyàtọ̀" fún èkejì ("distinctiveness"), "àìyípadà" fún ẹ̀kẹta ("consistency").

Àṣìṣe tí Lee Ross sọ lórúkọ ní 1977 ("fundamental attribution error"), ìyẹn ká máa fi ìwà ẹlòmíì ṣàlàyé ìṣe rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ká sì gbójú fo ohun tó yí i ká, mo pè é ní "àṣìṣe ìfìwàṣokùnfà". Ó gùn, mo gbà. Ṣùgbọ́n ó mú ohun tí Jones àti Harris rí ní 1967: wọ́n sọ fáwọn òǹkàwé pé ṣe ni wọ́n yan ìhà tí òǹkọ̀wé máa gbè lórí Castro, olórí Cuba, fún un, síbẹ̀ àwọn òǹkàwé gbà pé èrò ọkàn òǹkọ̀wé náà ló kọ.

Ó ku "orí", tí ẹ kọ sábẹ́ òde pẹ̀lú "ayé". Bernard Weiner béèrè bóyá okùnfà ń yí padà àti bóyá ó wà níkàáwọ́ ẹni. Orí jẹ́ ti ẹni, kì í yí bọ̀rọ̀, agbára ẹni kò sì ká a. Ìdí nìyẹn tí "orí ẹ̀ ló fà á" fi ń gba èèyàn lọ́wọ́ ẹ̀bi, tí "kò kàwé" kò sì lè gbà á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé orí wá sínú. Kí ayé dúró sóde.