Ẹ gbà mí o: ṣé hit ni kí n kọ àbí error?

Ìyá Houston: Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Inú ń bí mi débi pé mi ò lè jẹun. Èmi ni mo ń kọ ìwé skọ́ọ̀ fún tíìmù softball ọmọ mi, eré tí wọ́n ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù bíi baseball, lọ́fẹ̀ẹ́. Èmi náà ni mo ń gbé omi tútù àti ọsàn lọ fún wọn. Ní Sátidé, ọmọ mi gbá bọ́ọ̀lù, ó lọ sókè fíofío, àmọ́ kò jìnnà. Shortstop àti second base, àwọn méjì lára àwọn tó ń mú bọ́ọ̀lù fún tíìmù kejì, sáré wá, àwọn méjèèjì wo ara wọn lójú, bọ́ọ̀lù bá já sáàárín wọn, eruku sọ. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Ọmọ mi ti dé béèsì kìíní, ibi àkọ́kọ́ tí ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù máa ń sá lọ. Mo kọ hit, ìyẹn ni pé gbígbá rẹ̀ ló gbé e dé béèsì. Kóòṣì gba ìwé lọ́wọ́ mi lójú gbogbo òbí, ó ní hit kọ́ rárá. Èyí tó dùn mí jù ni pé ó pe ọmọ yẹn kúrò ní béèsì, ó ní kó wá jókòó! Ọkùnrin yẹn ò fẹ́ràn wa látìgbà tí mo ti bi í pé kí ló dé tí ọmọ mi fi máa ń kẹ́yìn tò. Ẹ bá mi dá sí i.

Bàbá Ìbejì: Error ni, màmá, àṣìṣe ẹni tó yẹ kó mú bọ́ọ̀lù. Ẹ kọ E6: E ni error, 6 ni nọ́ńbà ipò shortstop. Bọ́ọ̀lù tó yẹ kí shortstop mú wọ́ọ́rọ́wọ́ ni.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Ibo ni error ti wá? Hit ni.

Bàbá Ìbejì: Àbúrò, kò dìgbà téèyàn bá fọwọ́ kàn án. Bí bọ́ọ̀lù ilẹ̀ bá gba àárín ẹsẹ̀ ọmọ kọjá, ṣé ó fọwọ́ kàn án ni? Ẹ ka òfin 9.12 nínú ìwé òfin baseball. Ohun tí wọ́n ń wò ni bóyá ẹni tó wà nípò yẹn lè mú un láìṣe ju agbára rẹ̀ lọ.

Àǹtí Maryland: Ọ̀rọ̀ ìwé yìí! Ọmọkùnrin mi ni pitcher, ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù fún ẹni tó ń gbá a. Bọ́ọ̀lù ba ìbọ̀wọ́ rẹ̀, eré rẹ̀ dínkù, ó yí lọ bá shortstop, ìyẹn jù ú sí béèsì kìíní, ẹni tó gbá a di out, ìyẹn ni pé wọ́n yọ ọ́ kúrò. Ẹni tó ń kọ̀wé kọ 6-3, ìyẹn shortstop sí béèsì kìíní. Mo ní rárá o, 1-6-3 ni, 1 ni pitcher, ẹ fún ọmọ mi ní assist rẹ̀, ìyẹn àmì pé ó ṣèrànwọ́ fún out yẹn. Mi ò kúrò níbẹ̀ títí ó fi kọ ọ́.

Kóòṣì Atlanta: Màmá, ta ló wà lórí béèsì nígbà tó gbá a? Out mélòó ló ti wà?

Màmá Àgbà: Ẹ̀yin ìyá ìwòyí. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ń ṣeré, ẹ̀ ń bá kóòṣì jà. Ẹ fún un lóúnjẹ, kó lọ sùn.

Ìyá Houston: Ẹ má bínú mà, ìwé yẹn ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó yan ọmọ sí tíìmù àwọn àgbà. Bàbá Ìbejì, ẹ ṣé, àmọ́ tí mo bá kọ error, wọ́n á ní ọmọ mi ò gbá nǹkan kan. Àti pé umpire yẹn, ìyẹn rẹfirí, gan-an ò mọ òǹkà. Out méjì péré ló wà nínú ìwé mi dípò mẹ́ta, ó ní kí tíìmù méjèèjì pààrọ̀ ààyè. Ọ̀kan ni ti ọmọ tó sá láti béèsì kejì lọ sí ìkẹta tí wọ́n fi bọ́ọ̀lù kàn, èkejì ni strikeout, ọmọ tí kò rí bọ́ọ̀lù gbá tí àǹfààní rẹ̀ mẹ́ta fi tán.

Kóòṣì Atlanta: Out méjì? Ẹ dúró ná. Ẹnì kan wà ní béèsì kejì nìyẹn. Ní ìkíní ńkọ́? Kí ni umpire ṣe nígbà tí bọ́ọ̀lù wà lókè?

Ìyá Houston: Ẹnì kan wà ní ìkíní náà. Kò tíì sí out kankan. Umpire na ọwọ́ sókè, ó pariwo nǹkan kan, mo rò pé àwọn òbí tó ń hó ló ń bá wí.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Háà! Infield fly!

Kóòṣì Atlanta: Òun náà ni. Tí ènìyàn bá wà ní béèsì kìíní àti ìkejì, tí out ò tíì pé méjì, tí bọ́ọ̀lù tó wà nínú ìlà sì lọ sókè níbi tí infielder, ẹni tó ń ṣọ́ ìtòsí àwọn béèsì, ti lè mú un ní ìrọ̀rùn, umpire á pè é. Ẹni tó gbá a ti di out lójú ẹsẹ̀, ì báà já sílẹ̀. Wọ́n ṣe òfin náà kí infielder má baà mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kó já kó lè gba out méjì. Àwọn tó wà lórí béèsì lè sáré, àmọ́ ewu wọn ni. Torí náà, kì í ṣe hit, kì í ṣe error. Kóòṣì ò fìyà jẹ ọmọ yín, out ló jẹ́, ó gbọ́dọ̀ kúrò níbẹ̀. Ẹ kà á: ọmọ mẹ́rin ló gbá, out mẹ́ta, ẹnì kan ṣẹ́kù lórí béèsì. Ó pé.

Bàbá Ìbejì: Tó bá rí bẹ́ẹ̀, mo fa E6 mi padà. Ẹ ò sọ èyí níbẹ̀rẹ̀.

Ìyá Houston: Ẹ ò bi mí! Kóòṣì náà ì bá ti là á yé mi dípò kó máa já ìwé gbà. Ta ni mo máa kọ out yẹn fún báyìí? Kò sẹ́ni tó mú un.

Kóòṣì Atlanta: Ẹni tẹ́ ẹ bá gbà pé òun ni ì bá mú un. Ẹ̀yin lẹ máa dá a.

Ìyá Houston: Second base ló sún mọ́ ọn jù. Àmọ́ shortstop ló ń pariwo pé tòun ni. 6 ni mo máa kọ.