“Ìdákọ̀ró ọkàn” kò bá àṣìṣe yìí mu

Ẹ̀yin àgbà àti ẹgbẹ́ mi, mo kí yín. Àbá àkọ́kọ́ tó wà nílẹ̀ fún ìwé àwọn nọ́ọ̀sì ni pé kí a máa lo “ìdákọ̀ró ọkàn” fún àṣìṣe dókítà tí ohun tó kọ́kọ́ rò nípa aláìsàn dè mọ́lẹ̀, tí àmì tuntun kò sì lè yí i lérò padà mọ́. Mo mọ ibi tí wọ́n ti fà á yọ: Amos Tversky àti Daniel Kahneman, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, ló sọ orúkọ ìdákọ̀ró yìí (“anchoring” lédè Gẹ̀ẹ́sì) di mímọ̀ ní ọdún 1974. Ṣùgbọ́n létí Yorùbá, ìdákọ̀ró ọkàn ti nílé nínú Bíbélì, nínú Hébérù orí 6, ẹsẹ 19, níbi tó ti dúró fún ìrètí tó dájú. Bí a bá kọ ọ́ sínú ìwé àwọn nọ́ọ̀sì, ìkìlọ̀ wa yóò di oríyìn.

“Ìlẹ̀mọ́ àkọ́rò” ni mo dábàá. Àkọ́rò ni ohun tí a kọ́kọ́ rò. Ó lè tọ̀nà, ó lè má tọ̀nà, kò sì bú ẹnikẹ́ni. Lílẹ̀ mọ́ ọn ni àṣìṣe.

Ní ẹ̀ka pàjáwìrì tí mo ti ṣe nọ́ọ̀sì, bí a bá ń fi iṣẹ́ lé ara wa lọ́wọ́ láàárọ̀, “oníbà bẹ́ẹ̀dì kẹta” la máa ń wí. Ẹni tó gbaṣẹ́ á gbà á bẹ́ẹ̀, dókítà á gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀, ọrùn aláìsàn tó ti gan lórí ìrọ̀rí, tó lè jẹ́ àmì àrùn mìíràn, kò sì ní jọ ẹnikẹ́ni lójú títí di ọ̀sán. Èdè wa pàápàá ń dá kún un: ibà là ń pe ara gbígbóná, ibà náà la sì ń pe àrùn tí ẹ̀fọn ń kó ranni, nítorí náà ẹni tó bá ní ibà ń ṣe òun ti fẹnu ara rẹ̀ dárúkọ àrùn kí a tó gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò.

Ìdí nìyí tí Dókítà Ameyo Stella Adadevoh kò fi kúrò lọ́kàn mi. Ní oṣù Keje ọdún 2014, ibà ni wọ́n kọ́kọ́ ń tọ́jú lára Patrick Sawyer, tó ti Làìbéríà wọ Èkó. Ọkùnrin náà sẹ́ pé òun kò fara kan alárùn Ebola kankan, síbẹ̀ dókítà yìí kò lẹ̀ mọ́ ohun tí wọ́n ti kọ sílẹ̀. Ó ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ó sì kọ̀ láti jẹ́ kó lọ. Ebola yìí kan náà ló pa dókítà fúnra rẹ̀ ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹjọ.

“Ìtètèparí ìwádìí,” àbá kejì, fún àṣìṣe ẹni tó dá ìwádìí dúró kó tó pé, tẹ́ mi lọ́rùn. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, kí a má pe ìdámọ̀ àrùn ní àyẹ̀wò. Ẹ̀jẹ̀ la ń ṣe àyẹ̀wò fún; ìdámọ̀ àrùn ni ìtumọ̀ tí ènìyàn fún èsì rẹ̀, ibẹ̀ sì ni ìlẹ̀mọ́ àkọ́rò ti ń wọlé.