Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti sún mọ́ ọnọ́rébù ìgbèríko rí, ẹ sọ tẹnu yín

Ọmọ Àgbẹ̀: Ẹ kú ilé o. Ẹni tó ń ṣojú wa nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ ti fẹ́ parí sáà rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo fojú kàn án. Báwo ni ayé wọn ṣe rí gan-an?

Adùkẹ́: Tiwa, nọ́ńbà tó fi polongo ìbò kò wọlé mọ́ látọjọ́ tí wọ́n ti búra fún un.

Ọmọ Ọnọ́rébù: Bàbá mi ṣe é fún ọdún mẹ́rin. Aago márùn-ún ìdájí, kí wọ́n tó pe ìrun, èrò ti kún ọ̀ọ̀dẹ̀ wa. Ẹnì kan ń wá owó WAEC ọmọ rẹ̀, ẹnì kan ní òkú ìyá òun ṣì wà ní mọ́ṣúárì, ọlọ́kadà kan fẹ́ ra táyà. Owó oṣù bàbá mi kì í lò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ. Oko kòkó tí bàbá wọn fi sílẹ̀ ni wọ́n tà fún ìbò abẹ́lé àkọ́kọ́. Nígbà tí wọ́n tún fẹ́ padà, wọ́n ta ilẹ̀ tó kù. Wọ́n fìdí rẹmi. Lọ́jọ́ kejì mo jí láago márùn-ún bí mo ṣe máa ń jí, mo gbé bẹ́ǹṣì síta. Ẹnikẹ́ni ò wá. Bàbá mi jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀, wọ́n dé fìlà, títí oòrùn fi yọ.

Ìyá Ìbejì: Bẹ́ǹṣì yẹn pa mí lẹ́kún. Ẹ bá wa kí bàbá.

Alákọ̀wé: Mo bá yín kẹ́dùn, àmọ́ owó WAEC kọ́ niṣẹ́ aṣòfin. Kí wọ́n ṣòfin, kí wọ́n yẹ ìṣúná gómìnà wò fínnífínní, iṣẹ́ tá a rán wọn nìyẹn.

Bàbá Rẹ̀mí: Ẹ lọ sọ ọ́ fún ará oko tí kò rí omi mu.

Alákọ̀wé: Bàbá Rẹ̀mí, ẹ má bínú. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn ní January 1955, ṣé kànga ni? Àwọn tó jókòó n'Íbàdàn ló fọwọ́ sí i.

Bàbá Rẹ̀mí: Èmi náà jẹ nínú rẹ̀, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí tíráńsífọ́mà wa jó, oṣù méje la fi wà lókùnkùn. Ọnọ́rébù ló bá wa sáré rẹ̀. Ṣé kí n sọ fún un pé kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀ ni?

Adùkẹ́: Ẹ ṣì rí tiyín bá sọ̀rọ̀.

Tóyìn: Tiwa, ká pè é padà sílé ni! Abala 69 kọ́ ni?

Agbẹjọ́rò: 69 ni tàwọn aṣòfin Àbújá, 110 ni tìpínlẹ̀, nínú ìwé òfin 1999. Ó gbọ́dọ̀ ju ìdajì àwọn tó forúkọ sílẹ̀ ní ẹkùn náà tó máa fọwọ́ síwèé, kí INEC tó ṣètò ìbò láàárín 90 ọjọ́. Níbi tí abúlé ti fọ́n káàkiri, ta ló fẹ́ gun ọ̀kadà yí gbogbo wọn po?

Akin31: Èmi fẹ́ du tẹkùn wa. Látọdún 2018, ẹni ọdún 25 ti lè dupò. Owó fọ́ọ̀mù ẹgbẹ́ ni kò sí. Ọmọ Ọnọ́rébù, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ọmọ Ọnọ́rébù: Àbúrò, má ta ilẹ̀. Sọ fún wọn kó o tó wọlé pé òfin lo fẹ́ lọ ṣe, kí ẹni tó ń retí owó táyà ti mọ̀. Bàbá mi ò lè là á fún wọn títí wọ́n fi kúrò níbẹ̀.

Bàbá Rẹ̀mí: Tó bá sọ bẹ́ẹ̀, kò ní wọlé.

Tóyìn: Èmi á dìbò fún un. Ẹkùn wo ni, Akin?