Ẹ gbà mí o, òdòdó olódòdó ń kú mọ́ mi lọ́wọ́

Ìyá Tèmi (Leeds): Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ará wa. Màmá òyìnbó ilé kejì lọ sí Sípéènì, wọ́n ní kí n máa bá àwọn wo òdòdó inú ilé wọn. Oxalis ni wọ́n kọ sára ìkòkò ẹ̀, ewé mẹ́ta-mẹ́ta, aláwọ̀ àlùkò. Ojoojúmọ́ ni mo ń bomi rin ín, síbẹ̀ gbogbo ewé ẹ̀ ti wó lulẹ̀. Ọjọ́ Àìkú ni wọ́n ń bọ̀! Ṣé kí n sáré ra òmíràn rọ́pò ẹ̀ ni?

Bọ̀dá Dúró (London): Ojoojúmọ́ kẹ̀! Ṣé ẹ̀ ń bomi rin ín ni àbí ẹ̀ ń wẹ̀ ẹ́? Ẹ gbé omi sílẹ̀. Kò kú, oorun ló ń sùn. Bí ooru bá ti ju ìwọ̀n 27 Celsius lọ nínú ilé, á wó ewé sílẹ̀, àwọn isu kéékèèké abẹ́ iyẹ̀pẹ̀ á máa sinmi. Èmi ò mọ̀ nígbà náà, mo da tèmi sí bíìnì. Ìyá ìyàwó mi ló fún wa. Títí dòní, tí wọ́n bá pè, wọ́n á béèrè òdòdó wọn kí wọ́n tó béèrè èmi.

Àǹtí Rónkẹ́ (Houston): Bọ̀dá, ẹ rọra. Ta ló sọ fún yín pé ó ń sùn? Pẹ̀lú omi tí wọ́n ti dà sí i, ó lè ti jẹrà. Ìyá Tèmi, ẹ wa iyẹ̀pẹ̀ yẹn díẹ̀, ẹ fọwọ́ tẹ isu ẹ̀. Tó bá le, ó wà láàyè. Tó bá rọ̀ tó ń rùn, ó parí. Ìkòkò olówó ńlá tí kò nihò nísàlẹ̀ ló pa tèmi.

Bọ̀dá Dúró: Ta ní í jí ẹni tó ń sùn wò bóyá ó ti kú?

Àǹtí Rónkẹ́: Àwa nọ́ọ̀sì.

Bọ̀dá Dúró: 😂 Ó dáa. Ṣùgbọ́n ẹ má hú u. Ẹ gbé e sí ibi tó tutù, tó ṣókùnkùn, láìsí omi fún bí oṣù kan. Tó bá tún hù, ẹ gbé e sẹ́bàá fèrèsé.

Ìyá Tèmi: Oṣù kan bọ́ọ̀? Ọjọ́ Àìkú ni mo wí o!

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ (Dublin): Mà, ẹ má rọ́pò ẹ̀ o, àwọn màmá yẹn mọ ewé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Níbí, tí ọjọ́ 17 oṣù Kẹta, ọjọ́ Pátíríkì Mímọ́, bá ti ń sún mọ́, àwọn ṣọ́ọ̀bù kan á máa tà á, wọ́n á ní shamrock ni, ewé mẹ́ta tó jẹ́ àmì Ireland. Irọ́ ni, ọmọ Bràsíl ni. Tí wọ́n bá sì ní ológbò, ẹ gbé e jìnnà sí i. Ológbò mi jẹ ewé ẹ̀, owó tí dókítà ẹranko gbà lọ́wọ́ mi tó owó ọkọ̀ òfuurufú dé Èkó.

Ìyá Tèmi: Lálẹ́, ó máa ń pa ewé dé. Ẹ̀rù bà mí níjọ́ àkọ́kọ́.

Àǹtí Rónkẹ́: Àfi bíi patanmọ́! Ẹ rántí ọ̀nà ilé ìwé?

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́: Patanmọ́ náà ń pa dé lálẹ́, ṣùgbọ́n ó tún ń pa dé tí wọ́n bá fọwọ́ kàn án. Òkùnkùn ni Oxalis yìí ń tẹ̀ lé.

Àǹtí Rónkẹ́: Ọ̀jọ̀gbọ́n, a gbọ́ o. Ẹ̀yin ará London sì ń pe 27 ní ooru. Ẹ wá Houston lóṣù Kẹjọ, ẹ̀yin gan-an ẹ ó wó ewé sílẹ̀.

Bọ̀dá Dúró: Ẹ jẹ́ kí ará Leeds kọ́kọ́ rí oòrùn ná.

Ìyá Tèmi: Bọ̀dá, a rí ilé gbé ní tiwa. Yàrá kan ní London, aago lẹ fi ń pín in sùn!

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́: Mo tọ́ ewé ẹ̀ wò rí, ó kan bí ìṣapá.

Bọ̀dá Dúró: Má fi se ọbẹ̀ o, tó bá pọ̀ yóò bá kíndìnrín ẹ jà. Ṣùgbọ́n o ti jẹ́ kí ọkàn mi fà sílé. Ìṣapá ẹlẹ́gùúsí, iyán gbígbóná, màmá mi ní Ọ̀fà... Ta ló mọ ibi tí wọ́n ti ń tà á?

Ìyá Tèmi: Mo ní gbígbẹ nínú fíríìsà. Ará London ò ní jẹ níbẹ̀.

Àǹtí Rónkẹ́: Ẹ fi tèmi ránṣẹ́, màá sanwó ọkọ̀.