Deltron 3030: ìlù rẹ̀ wọ̀ mí lára, ìtàn rẹ̀ ń bọ́ lọ́wọ́ mi. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Olùbéèrè:
Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará mi. Ẹnì kan tó mọ̀ pé mo fẹ́ràn ìtàn àròsọ sáyẹ́ǹsì ló ní kí n lọ gbọ́ Deltron 3030, àwo orin ráàpù tó jáde lọ́dún 2000, tí ohun gbogbo inú rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ lọ́dún 3030. Ìlù rẹ̀ gbà mí lọ́kàn pátápátá. Orin tó ń jẹ́ “3030” gan-an ju ìṣẹ́jú 7 lọ, síbẹ̀ n kì í fẹ́ kó tán.

Ìtàn rẹ̀ ló ń dà mí láàmú. Mo ti mọ̀ pé jagunjagun kan wà tó ń jẹ́ Deltron Zero, tó mọ kọ̀ǹpútà bí ẹni mowó, tó sì ti kẹ̀yìn sí àwọn aláṣẹ tó ń lò ó. Lẹ́yìn ìyẹn, n ò rí ibi tọ́rọ̀ ń lọ mọ́. Nínú orin kan, ó ń wéwèé fáírọ́ọ̀sì tí yóò ba kọ̀ǹpútà jẹ́. Nínú òmíràn, ó ń bá àwọn olórin ẹgbẹ́ rẹ̀ figagbága. Láàárín wọn, ẹ ó kàn ṣàdédé gbọ́ ẹni tó ń ka ìròyìn. Ẹnu rẹ̀ sì yá ju etí mi lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n wá ọ̀rọ̀ orin náà kí n máa kà á bó ṣe ń kọ ọ́ ni, àbí kí n gba ìlù kí n fi ìtàn sílẹ̀? Mo béèrè nítorí àbúrò mi kan tí kì í ka ìwé mìíràn ju irú ìtàn bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n tí kò fẹ́ gbọ́ ráàpù rárá. Mo fẹ́ kí ó gbọ́ ọ. N kò fẹ́ kí orin àkọ́kọ́ lé e sá.

Àgbà Etí:
O káre tó o béèrè. Má wá ìtàn tó bẹ̀rẹ̀ níhìn-ín tó parí lọ́hùn-ún, torí kò sí níbẹ̀. Bí a ṣe ń gbọ́ oríkì ni kó o ṣe gbọ́ ọ: akéwì á fò láti orí ọ̀rọ̀ kan sí òmíràn, ìwọ tó ń gbọ́ ni wàá fúnra rẹ kó ẹni tí wọ́n ń kì jọ. Del, ọmọ ìlú Oakland ní California, ló ń ráàpù. Láti ìgbà tó ti gbé àwo orin àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde lọ́dún 1991 ló ti fẹ́ràn kó máa fi ẹnu bá ènìyàn jà, kí ó máa yangàn. Ohun tó ṣe níbí ni pé ó gbé ìyangàn náà lọ sí ojú sánmà. Ìdíje tó rú ọ lójú yẹn, ara ayé tó dá sílẹ̀ ni. Láyé tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ti gba ohun gbogbo, ẹni tí ẹnu rẹ̀ bá mú jù ló ṣì ní agbára díẹ̀ lọ́wọ́.

Orin “3030” tó o fẹ́ràn yẹn ti sọ gbogbo ohun tó yẹ kó o mọ̀. Jókòó tì í kó o tó kọjá síbòmíràn.

Onílù Òru:
Pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ẹ̀gbọ́n, n kò gbà. Bí wọ́n bá pe àwo orin ní ìtàn, ó yẹ kí ìtàn wà níbẹ̀. Lẹ́yìn ìlàjì, Deltron Zero ò tún ṣe ohun kan tó yí ọ̀rọ̀ padà. Ó kàn ń sọ bí òun ṣe mọ̀ ọ́n ṣe tó ni. Ẹni tó fẹ́ràn ìwé ìtàn á rí àlàfo yẹn kíá.

Ohun tó gbé àwo orin yìí dúró ni Dan the Automator àti Kid Koala. Ẹ gbọ́ bí Automator ṣe ń to ohùn gòjé àti ohùn akọrin ẹlẹ́gbẹ́ lé ara wọn, tí yóò fi dà bíi pé ibi tí orin ti ń jáde fẹ̀ ju ilé lọ. Kid Koala ní tirẹ̀ á máa fi ọwọ́ yí àwo síwá sẹ́yìn títí àwo náà á fi máa sọ̀rọ̀ bí ẹ̀rọ tó fẹ́ bàjẹ́. Èmi ò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ fún mi pé ọdún 3030 la wà. Ìlù yẹn ti sọ ọ́. Ìlù nìkan tún jáde lọ́tọ̀ lọ́dún 2001, láìsí ohùn Del. Olùbéèrè, ẹ gbọ́ ìyẹn náà.

Ọmọ Kọ̀ǹpútà:
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ìtàn rẹ̀ ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ẹ rántí ìgbà tó jáde. Ní ìparí ọdún 1999, ẹ̀rù ń ba ọ̀pọ̀ ènìyàn pé kọ̀ǹpútà á dojú rú bí ọdún 2000 bá wọlé, torí nọ́ńbà méjì péré ni ọ̀pọ̀ ètò orí kọ̀ǹpútà fi ń kọ ọdún. Bí 99 bá di 00, ẹ̀rọ ò ní mọ̀ bóyá 1900 la wà ni àbí 2000. Ìbẹ̀rù yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rọlẹ̀ ni fáírọ́ọ̀sì ILOVEYOU gba inú ímeèlì tàn ká ayé ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Karùn-ún ọdún 2000. Oṣù yẹn kan náà ni àwo orin yìí bọ́ sí ìgboro, pẹ̀lú orin “Virus” nínú rẹ̀, níbi tí Deltron Zero ti ń pète bí yóò ṣe sọ kọ̀ǹpútà àwọn alágbára di òkú. Wọ́n ti kọ orin náà sílẹ̀ kí ILOVEYOU tó dé, ìyẹn ló ṣe ń yà mí lẹ́nu títí dòní.

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe, mo sì lè sọ fún yín pé ìbínú inú orin yẹn kì í ṣe eré. Ohun tó ń bí i nínú ni pé àwọn díẹ̀ ló di kọ́kọ́rọ́ ẹ̀rọ tí gbogbo ènìyàn gbẹ́kẹ̀ lé mú.

Ìyá Ìtàn:
Olùbéèrè mi, ẹ ka ọ̀rọ̀ orin náà, ṣùgbọ́n ẹ má kà á nígbà tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ ń gbọ́. Ojú á gba iṣẹ́ etí ṣe, ẹ ò sì ní gbọ́ bó ṣe ń gun ìlù. Ẹ gbọ́ ọ tán, kẹ́ ẹ padà wá kà á, pàápàá “3030” àti “Virus”. Ọ̀rọ̀ sáyẹ́ǹsì tó ń tò lé ara wọn yẹn, òmíràn wà fún ìró rẹ̀ nìkan. Ẹ má jókòó tú u wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Àwọn eré kúkúrú àárín orin, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló máa ń fò wọ́n. Ẹ má fò wọ́n. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti gbọ́ bí ìlú yẹn ṣe rí lára àwọn tó ń gbé inú rẹ̀: ìròyìn tó ti di ohun ìní ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo, àti àwọn ará ìlú tí ìyẹn ò tiẹ̀ yà lẹ́nu mọ́.

Olùbéèrè:
Ẹ ṣeun gan-an, gbogbo yín. Ọ̀rọ̀ oríkì yẹn wọ̀ mí lára, ẹ̀gbọ́n. Ṣé ẹ rò pé kí n fò lọ sórí *Event II*, àwo orin wọn kejì, bí mo bá fẹ́ ìtàn tó tò dáadáa?

Onílù Òru:
Ọdún 2013 ni ìyẹn jáde, lẹ́yìn ọdún 13, ìtàn rẹ̀ sì ti bọ́ sí ọdún 3040. Joseph Gordon-Levitt, òṣèré fíìmù, ló ń sọ ìtàn ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ já gaara ju ti àkọ́kọ́ lọ, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ohùn Del ò pa ènìyàn mọ́ bíi ti ìgbà yẹn, àlejò sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Bó bá jẹ́ ìtàn tó ní orí àti ìdí lẹ fẹ́ lóòótọ́, ẹ gbọ́ *Splendor & Misery* tí ẹgbẹ́ ráàpù tó ń jẹ́ clipping. ṣe lọ́dún 2016. Ẹrú kan ṣoṣo ló ṣẹ́kù nínú ọkọ̀ ojú sánmà lẹ́yìn ọ̀tẹ̀, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ náà sì wá nífẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n yàn án fún ìdíje ẹ̀bùn Hugo, tó wà fún irú ìtàn àròsọ sáyẹ́ǹsì yìí.

Àgbà Etí:
Àwo orin clipping. yẹn dára, ṣùgbọ́n ariwo ẹ̀rọ rẹ̀ á lé àbúrò ẹni tó béèrè yìí sá kíákíá. Má tíì fún un.

Olùbéèrè:
Kí ni kí n wá kọ́kọ́ fún un?

Ìyá Ìtàn:
“Time Keeps On Slipping.” Damon Albarn ló ń kọ ègbè rẹ̀, orin gidi ló ń kọ níbẹ̀, kì í ṣe ráàpù, ìlù rẹ̀ sì ń rọra lọ. Bí àbúrò yín bá ti gbọ́ “Clint Eastwood” ti ẹgbẹ́ Gorillaz rí, tó jáde lọ́dún 2001, á dá àwọn ohùn yẹn mọ̀: Albarn náà ló kọ ọ́, Del ló ráàpù, Automator ló ṣe ìlù rẹ̀. Kí “Virus” tẹ̀ lé e. Bó bá béèrè ohun tí Deltron ń sọ lọ́wọ́ yín, ẹ fi “3030” sí i, kẹ́ ẹ sì kó ọ̀rọ̀ orin náà lé e lọ́wọ́.