Ọmọṣẹ́ mi ń gbé oníbàárà sórí TikTok, kí ni kí n ṣe?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Télọ̀ ni mí ní Kubwa, l'Abuja níbí. Ọmọṣẹ́ mi, ọmọ ọdún 20, kì í gbé fóònù sílẹ̀. Kí n tó na téèpù, ó ti ń ká fídíò. Kí n má parọ́, fídíò yẹn ń mú iṣẹ́ wá, àní láti Lokoja. Àmọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìwé ìwọ̀n mi hàn kedere nínú ọ̀kan: orúkọ màmá kan, nọ́ńbà wọn, àyà 46! Wọ́n fìbínú wá bá mi, wọ́n ní òfin ààbò dátà, ìyẹn ìsọfúnni ara ẹni, ọdún 2023 wà. Mo bẹ̀ wọ́n, a ti yọ ọ́ kúrò. Ọmọ yìí ní, "Àǹtí, gbogbo ayé ló ń ṣe é." Ṣé kí n gba fóònù ọ̀hún ni, àbí kí oníbàárà máa buwọ́ lùwé kí ọmọ yìí tó ká wọn?