Àbúrò mi kúrò lábẹ́ afárá, àmọ́ ọkàn rẹ̀ ò tíì délé

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ dákun, mo nílò ìmọ̀ràn. Àbúrò mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 19, sùn lábẹ́ afárá Òṣòdì fún bí ọdún méjì kí n tó rí i mú wálé. Oṣù karùn-ún rèé tó ti wà lọ́dọ̀ mi n'Ìkòròdú. Mo fún un ní bẹ́ẹ̀dì, ẹnu ọ̀nà ló ń sùn sí, á tún fi bàtà rẹ̀ rọrí kí wọ́n má bàa jí i. Nínú ilé wa o! Lánàá, mo bá búrẹ́dì tó ti bu láàárín aṣọ rẹ̀.

A ti lọ sí ilé ìwòsàn ọpọlọ ní Yábà lẹ́ẹ̀mejì. Oògùn tí wọ́n fún un ti ń jẹ́ kó rí oorun sùn díẹ̀. Àfi bí ọmọ àdúgbò kan ṣe pè é ní wèrè, ló bá ní òun ò lọ mọ́. Màmá wa ní ká gbé e lọ sórí òkè. Mi ò kọ àdúrà, àmọ́ ẹ̀rù ń bà mí, torí ibòmíì wà tí wọ́n ti ń fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ de èèyàn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti la irú èyí kọjá, báwo lẹ ṣe rọ ẹni yín tó fi padà sọ́dọ̀ dókítà, láìfipá mú un? Ó sì ń dárúkọ iṣẹ́ wẹ́dà. Ṣé kí n jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ báyìí, àbí kó ṣì sinmi ná?